Sàlẹ́ńsà Píjó Bàbá Mi

Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí ó pariwo.
Ẹni tó bá ń wá ariwo, Èkó tó o.
Mo kàn fẹ́ kí Píjó bàbá mi,
tí wọ́n rà lọ́dún tí eyín iwájú mi yọ,
tún máa mí.

Sàlẹ́ńsà àtijọ́ ti dógùn-ún, ó ti lu.
Bí mo bá ṣáná sí i láàárọ̀,
á wúkọ́ bí àgbà tó fi sìgá dàgbà,
àwọn ajá Odálikí á dìde,
ọmọ tuntun ìyàwó Àjàsá á fi ẹkún dá a lóhùn.

Ní Ládípọ̀, ọmọkùnrin kan na èyí tó ń dán sí mi,
ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu ìkòkò.
"Àǹtí, ẹ fi èyí sí i, wọn á gbọ́ yín dé Ìkòròdú."
Mo ní, kí ni àwọn ará Ìkòròdú fi ṣe mí?

Ẹnì kejì ní òun ní èyí tó dákẹ́
bí ìyàwó tuntun níwájú àna.
Mo gbé e, ó wúwo. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu,
atẹ́gùn padà bọ̀ sí mi lójú.
Èyí kò dákẹ́ o. Ó dí ni.
Mo ṣiṣẹ́ báńkì fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n,
mo mọ ẹni tó dákẹ́, mo mọ ẹni tí wọ́n dí lẹ́nu;
ojú wọn kì í jọra tó bá di ìrọ̀lẹ́.

Wàídì ajórin, lẹ́yìn ọgbà Rélùwéè,
kò bá mi sọ púpọ̀. Ó wọ abẹ́ mọ́tò lọ,
ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo ń rí,
sálúbàtà kan dúdú, èkejì aláwọ̀ ewé.
Láti ibẹ̀ ló ti béèrè:
"Báwo ló ṣe ń dún nígbà ayé bàbá?"

Báwo ni màá ṣe wí i?
Bàbá á ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, aago mẹ́rin ti kọjá,
ohùn mọ́tò náà á rọra gba ẹ̀gbẹ́ ògiri wọlé,
ó nípọn, kò ga,
bí ẹni tó ń kùn sínú nígbà tó ń ka lẹ́tà dídùn.
Àwa ọmọ á yí padà lórí ẹní, a ó sùn lọ.
Ìyá mi nìkan ló ń dìde lọ gbé omi kaná.

Mo bá kùn ún fún Wàídì. Ní gbangba.
Èmi, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta,
mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà, mo ń ṣe hùùùn, hùùùn.
Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín, àfi alágbàfọ̀ kan lókèèrè.

Ó ní ó yé òun.
Ó fi ayùn la ògbólógbòó kan kí n rí inú rẹ̀:
"Ògiri ni wọ́n mọ sínú èyí, èéfín á máa forí gbá a kiri.
Tiwa á gún régé láti orí dé ìdí,
páìpù oníhò wẹ́wẹ́, a ó fi irun irin wé e lára.
Ihò á gba ariwo sára, èéfín á gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ."
Ínṣì méjì péré, kò gbọdọ̀ fẹ̀ jù.
Níbi tó ti tẹ̀ lókè ákísù, kò gbọdọ̀ fún lọ́rùn.
Ọjọ́ méjì. Owó náà dùn mí. Mo san án.

Mo ṣáná, mo sáré lọ na àtẹ́lẹwọ́ sí i nídìí:
èémí gbígbóná, ó tẹ̀ léra,
kò sí èyí tó ń ti ìkejì.

Alẹ́ ni mo délé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná lọ,
kò tíì sẹ́ni tó tan jẹnẹrétọ̀.
Ajá kankan ò dìde.
Láti ojú fèrèsé òkè, ìyá mi,
tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí orúkọ mi mọ́,
sọ pé, "Ẹ káàbọ̀. Omi ti wà lórí iná."

"Ẹ káàbọ̀" ló wí. Kò wí "káàbọ̀" lásán.
Ọwọ́ mi wà lórí kọ́kọ́rọ́,
mi ò mọ ohùn tí màá fi dáhùn,
mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i.

Nǹkan kan ṣì ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní jíà kẹta.
Màá padà sọ́dọ̀ Wàídì lọ́jọ́bọ̀.